Anthropology ni ilé-ìwé ní kí n gbà: kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ gan-an?

Àdùnní_Ṣakí:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àgbà inú ilé yìí. Law ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB. Máàkì mi kò dé ibẹ̀, ilé-ìwé wá ní kí n yan nínú àwọn kọ́ọ̀sì tí àyè ṣì wà. Anthropology wà lára wọn. Bàbá mi ní àwọn kò gbọ́ orúkọ bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n ní ṣé iṣẹ́ egungun òkú ni mo fẹ́ lọ kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní Sociology náà ni, pé orúkọ ni wọ́n kàn yí padà. Mo wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ibì kan ní ẹ̀ka mẹ́rin ló ní, ibòmíràn ní márùn-ún, ibòmíràn tún pè é ní ẹyọ kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá kọ́ ọ, tàbí tó ń fi ṣiṣẹ́ jẹun, kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ọjọ́ Ẹtì ni mo gbọ́dọ̀ fèsì.

Délé_Afárá:
Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀. Má jẹ́ kí iye ẹ̀ka dà ọ́ láàmú. Ọmọ ènìyàn ni gbogbo wọn ń wádìí: bí ara wa ṣe di bó ṣe rí, bí a ṣe ń bá ara wa gbé, bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, àti ohun tí àwọn tó ti kú fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Mẹ́rin náà nìyẹn. Àwọn tó ń ka márùn-ún ń fi ti ìṣe kún un, ìyẹn àwọn tó ń mú ìmọ̀ náà lọ sí ilé ìwòsàn, iléeṣẹ́ tàbí àjọ afẹ́nifẹ́re.

Ní Amẹ́ríkà, abẹ́ òrùlé kan ni wọ́n máa ń kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí. Franz Boas, ọmọ Jámánì tó lọ fìdí kalẹ̀ sí Yunifásítì Columbia ní New York, ni wọ́n máa ń dárúkọ jù tí wọ́n bá ń sọ bí ètò náà ṣe dúró. Òun ló takú pé kì í ṣe àwọ̀ ara ló ń sọ bí ọgbọ́n orí ènìyàn ṣe tó, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ayé ìgbà náà ń fi òṣùwọ̀n wọn orí àwọn èèyàn dúdú kiri. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn yà á sọ́tọ̀: Social Anthropology dá wà, Archaeology dá wà, ọ̀rọ̀ èdè wà níbòmíràn. Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì la ti gba yunifásítì, ìdí nìyẹn tí orúkọ fi rí wúruwùru káàkiri Nàìjíríà. Ní Ifẹ̀, Sociology ni wọ́n so Anthropology mọ́. Nsukka àti Benin náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Ìbàdàn, Archaeology ni wọ́n so ó mọ́.

Nítorí náà, ohun tí o máa kọ́kọ́ wò ni orúkọ tó wà lára ẹ̀ka tí wọ́n ní kí o wá. Bó bá jẹ́ Sociology ló ṣáájú, ọ̀rọ̀ àwùjọ ló máa gba ọ̀pọ̀ àkókò rẹ. Bó bá jẹ́ Archaeology, múra sílẹ̀ fún ilẹ̀ wíwà àti àpáàdì fífọ̀.

Ní tèmi, ètò ìlera ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Tí ìjọba bá pín àwọ̀n ẹ̀fọn tí àwọn èèyàn fi ń ṣọ́ ewébẹ̀ dípò kí wọ́n sùn lábẹ́ rẹ̀, èmi ni wọ́n ń rán lọ síbẹ̀ kí n lọ jókòó, kí n gbọ́ tẹnu wọn. Nígbà tí Ebola ń jà ní Guinea, Sierra Leone àti Liberia lọ́dún 2014, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń di òkú sínú àpò, wọ́n ń gbé e lọ, ẹbí kò rí i, wọn kò gbàdúrà lé e lórí. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí fi aláìsàn àti òkú pamọ́, àrùn sì ń ràn sí i. Àwọn onímọ̀ Anthropology wà lára àwọn tó lọ bi àwọn ará ìlú pé nínú gbogbo ètò ìsìnkú, èwo ni kò ṣeé yọ sílẹ̀? Àjọ Ìlera Àgbáyé tún ìlànà rẹ̀ kọ lọ́dún yẹn kan náà: kí ẹbí lè dúró níwọ̀n ibi tí ewu kò sí, kí àlùfáà lè gbàdúrà, kí aṣọ tí ẹbí mú wá lè bá òkú lọ. Mi ò mọ ẹ̀kọ́ mìíràn tó ń kọ́ni bí a ṣe ń béèrè irú ìbéèrè yẹn láì bú ẹnikẹ́ni.

Ìyá_Àkàndé:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, kì í ṣe Anthropology ni mo kọ́, àbúrò ọkọ mi ló kọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, mo sì lọ kà á fúnra mi. Bàbá Àdùnní ní egungun, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó sún mọ́ wọn ju egungun lọ: ẹ̀jẹ̀.

Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ jẹ́nótáípù. Kí pásítọ̀ tó so ọmọ yín pọ̀, ẹ ó mú ìwé wá. AS àti AS kò gbọdọ̀ fẹ́ra. Ṣùgbọ́n ta ló ti béèrè pé kí ló dé tí AS fi pọ̀ láàárín wa tó báyìí, tó sì ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ará ìhà àríwá Yúróòpù? Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ti ń pa ọmọ láti ayébáyé. Ohun tó ń pa ọmọ kí ó tó bímọ, ó yẹ kó ti parẹ́ nínú ìran. Kò parẹ́.

Lọ́dún 1954, dókítà kan tó ń jẹ́ Anthony Allison, tó dàgbà sí Kenya, fi hàn pé ọmọ tó jẹ́ AS ní ààbò lọ́wọ́ ibà líle. Ọmọ AA kò ní ààbò yẹn, ibà sì ń pa púpọ̀ nínú wọn. Ọmọ SS, àìsàn ẹ̀jẹ̀ ń pa á. AS ló ń yè, òun ló ń dàgbà, òun ló ń bímọ. Bí S ṣe ń bá a lọ láti ìran dé ìran nìyẹn.

Ibi tí dókítà dúró ni onímọ̀ Anthropology ti gbà á. Lọ́dún 1958, Frank Livingstone béèrè pé ibà fúnra rẹ̀ ńkọ́, kí ló sọ ọ́ di alágbára tó báyìí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà? Ó ní ká wo oko. Ẹ̀fọn tó burú jù nínú gbígbé ibà kiri lọ́dọ̀ wa, Anopheles gambiae, kò fẹ́ràn omi abẹ́ igbó dúdú. Omi tí oòrùn ń pa ló ń yé sí. Nígbà tí àwọn baba ńlá wa mú àdá wọ igbó kìjikìji, tí wọ́n ṣán an, tí wọ́n kọ ebè iṣu, tí ilé kóra jọ di abúlé, omi bẹ̀rẹ̀ sí dúró lójú oko àti lẹ́bàá ilé. Ẹ̀fọn rí ibi yé sí, ó rí ènìyàn mu. Ibà gbòde. Láti ìgbà náà ni AS ti di èrè fún ẹni tó ní in. Ọ̀gbẹ́ni yìí so iṣẹ́ àgbẹ̀, bí àwọn èdè ṣe tàn ká Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àti ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ maikirosíkóòpù pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti tún apá kan rẹ̀ ṣe, pàápàá ní ti ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó là ni wọ́n ṣì ń tọ̀.

Mo ti ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń múra ìgbéyàwó tipẹ́ kí n tó ka èyí. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè rí AS kí n má rántí ebè iṣu.

Biological Anthropology ni orúkọ ẹ̀ka náà. Òótọ́ ni pé egungun wà níbẹ̀ o. Ní Argentina, láti 1984, àwùjọ kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti hú egungun àwọn tí ìjọba ológun pa ní ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n mọ ẹni tó jẹ́, kí wọ́n dá a padà fún ẹbí rẹ̀. Ẹ sọ fún bàbá Àdùnní pé iṣẹ́ egungun tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Ṣé ó burú?

Ọ̀túnba_Gbangba:
Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ máa rọra tan ọmọ ọlọ́mọ. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Iṣẹ́ amí òyìnbó ni Anthropology. Wọ́n wá, wọ́n wọn orí àwọn baba wa, wọ́n ya wọ́n ní fọ́tò bí ẹran, wọ́n kó òrìṣà wa lọ, wọ́n lọ kọ̀wé pé a kò ní ìtàn. Ọmọ Yorùbá wo ló yẹ kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ara rẹ̀ láti òde?

Bàbá_Tíṣà_Modákẹ́kẹ́:
Ọ̀túnba, mo kí yín. Ẹ kò parọ́, ẹ jẹ́ kí n tilẹ̀ gbè yín lẹ́sẹ̀ kí n tó yà kúrò lọ́dọ̀ yín.

Ìjọba amúnisìn gba Northcote Thomas síṣẹ́ láti 1909 gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ Anthropology ìjọba. Ó rin ilẹ̀ Ẹdó àti ilẹ̀ Igbo, ó ya fọ́tò, ó gba ohùn sílẹ̀. Èrò àwọn tó rán an ni pé ìmọ̀ yẹn á jẹ́ kí àkóso rọrùn fún àwọn. Ti Ifẹ̀ tún wá le jù. Lọ́dún 1910, Leo Frobenius dé láti Jámánì, ó dé Igbó Olókun, ó rí orí idẹ. Ó wò ó títí, ó ní èèyàn dúdú kò lè ṣe irú rẹ̀, pé àwọn ará Atlantis, ìlú inú àròsọ àwọn Gíríìkì tí wọ́n ní ó rì sínú òkun, ló ní in. Àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì mú kó dá orí náà padà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ohun mìíràn bá a lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Igbó Olókun yẹn kan náà ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti padà walẹ̀ ní àìpẹ́ yìí, ọmọ Yorùbá ló sì ṣáájú wọn, Abidemi Babatunde Babalola. Wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000, wọ́n rí àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2017. Nígbà tí wọ́n yẹ èròjà inú gíláàsì náà wò, kò bá ti ilẹ̀ Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù mu. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, láti inú ohun tó wà ní àyíká Ifẹ̀, ní bí ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó fọ́n irọ́ Atlantis, Anthropology ló ní òun ń ṣe. Ẹni tó tú u, òun náà Anthropology ló kọ́. Bí a bá fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ nítorí Frobenius, ta ni yóò máa dá àwọn Frobenius tó kù lóhùn?

Àdùnní ọmọ mi, ìwọ náà gbọ́ nípa Archaeology. Kì í ṣe wúrà ni wọ́n ń wá. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni o máa lò lórí ìdọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀bẹ kékeré, tí o ń gbá yẹ̀pẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó bá jáde, wàá kọ ibi tó ti jáde àti bó ṣe jìn tó, torí ohun tó kúrò nípò rẹ̀ láì sí àkọsílẹ̀ ti di èyí tí kò wúlò mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ wúrà. Èédú tí o rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò lè ju ìkòkò lọ, torí èédú ni wọ́n máa gbé lọ sí ilé àyẹ̀wò láti mọ ọdún. Wàá fọ àpáàdì, wàá kọ nọ́ńbà sí i, wàá yà á. Àwọn ọmọ tó fẹ́ràn ariwo kì í pẹ́ sá níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń tìdí rẹ̀ yọ. Ní Igbo-Ukwu, ní ilẹ̀ Igbo, ọkùnrin kan ń gbẹ́ ibi tí yóò máa tọ́jú omi sí lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní bí ọdún 1939, ó kan idẹ. Ìgbà tí Thurstan Shaw, awalẹ̀pìtàn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, lọ walẹ̀ níbẹ̀ láti 1959 ló hàn pé iṣẹ́ bí ọ̀rúndún kẹsàn-án ni, ṣáájú kí òyìnbó kankan tó fẹsẹ̀ kan etíkun wa. Shaw yìí kan náà ló dá ẹ̀ka Archaeology sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Lọ́dún 1965, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ hú egungun ènìyàn kan ní Ihò Eléérú, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó ti lé ní ẹgbàárùn-ún ọdún lábẹ́ ilẹ̀. Àwọn tó tún agbárí náà wò, tí wọ́n sì tẹ èsì jáde lọ́dún 2011, ní ìrísí rẹ̀ jọ ti àwọn ènìyàn tó ti gbé ayé tipẹ́tipẹ́ ṣáájú rẹ̀. Ìyẹn ni pé ìtàn bí ènìyàn ṣe di ènìyàn ní ilẹ̀ wa lọ́jú pọ̀ ju èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé lọ. Ilẹ̀ yìí ni egungun yẹn ti jáde o, kì í ṣe Kenya.

Ọ̀túnba_Gbangba:
Tíṣà, ẹ ṣeun. Mo gbọ́ ti gíláàsì. Ti orí idẹ tí wọ́n kó lọ ni ọkàn mi ṣì ń gbóná sí.

Bàbá_Tíṣà_Modákẹ́kẹ́:
Ó tọ́ kó gbóná. Lọ́dún 1938, nígbà tí wọ́n ń walẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, orí idẹ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. William Bascom, onímọ̀ Anthropology ọmọ Amẹ́ríkà, ra méjì, ó kó wọn lọ sílé. Lọ́dún 1950, ó dá méjèèjì padà sí Nàìjíríà. Kò tó, ṣùgbọ́n ó ṣe é tipẹ́ ṣáájú kí ariwo ìdápadà tó gbòde bíi ti òní. Ọ̀rọ̀ ta ló ni ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ta ló yẹ kó gbé e padà, kọ́ọ̀sì odindi ni wọ́n fi ń kọ́ ọ báyìí.

Kọ́lápọ̀_Peckham:
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin bàbá. Inú mi dùn pé Bàbá Tíṣà mẹ́nu ba Bascom, torí òun ni mo fẹ́ fi dá ẹ̀gbọ́n Àdùnní lóhùn, ẹni tó ní Sociology náà ni.

Social Anthropology ni mo kọ́ ní London. Aládùúgbò ni òun àti Sociology lóòótọ́, ẹnu ọ̀nà ni kò jọra. Ẹ wo èsúsú. Bascom gbé ní Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, ó sì kọ àpilẹ̀kọ kan nípa èsúsú tó jáde ní 1952. Onímọ̀ Sociology lè pín ìwé ìbéèrè fún ọgọ́rùn-ún méjì obìnrin ọjà kó lè mọ iye tó ń dá èsúsú àti iye owó tí wọ́n ń dá. Ó wúlò. Èmi tí mo kọ́ Anthropology, wọ́n á ní kí n wọ inú èsúsú náà, kí n dá tèmi, kí n dúró de àyè mi. Ibẹ̀ ni n óò ti rí i pé olórí kì í fún àlejò ní kíkó àkọ́kọ́. N óò rí i pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn lè bẹ ẹni tó kàn kí wọ́n pààrọ̀ ipò. N óò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnìkan kó tirẹ̀ tán tó wá ń sá: bí wọ́n ṣe ń ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí òun alára. Kò sí èyí tó máa wọ inú ìwé ìbéèrè, torí ẹni tó ń kọ ìwé ìbéèrè kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè rẹ̀.

Ìgbé-láàárín-wọn yìí ni ọkàn iṣẹ́ náà. Bronislaw Malinowski, ọmọ Poland, ló sọ ọ́ di àṣà, lẹ́yìn tó gbé ní erékùṣù Trobriand nínú òkun Pàsífíìkì láàárín 1915 sí 1918, tó pàgọ́ sáàárín abúlé, tó kọ́ èdè wọn. Jomo Kenyatta tó padà di olórí Kenya wà lára àwọn tó kàwé lábẹ́ rẹ̀ ní London, ìran tirẹ̀ Kikuyu ló sì kọ̀wé lé. Ọ̀túnba, ẹ rí i pé àwa náà ti ń wo ara wa láti inú tipẹ́. Tiwa gan-an wà: Nathaniel Akinremi Fadipe gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì London lọ́dún 1939 lórí àwùjọ Yorùbá: ẹbí, ìgbéyàwó, ìjọba, ẹ̀sìn. Ó kú ní 1944. Ọdún 1970 ni iṣẹ́ náà tó di ìwé ní Ìbàdàn. Ó dùn mí pé àwọn ọmọ wa ń mọ orúkọ Malinowski kí wọ́n tó mọ tirẹ̀.

Ẹni tó bá sì ń rò pé òyìnbó kò lè kọ́ ọ dáadáa, kó lọ bi àwọn ará Òkukù nípa Karin Barber. Ó gbé láàárín wọn, ó kọ́ oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin ìlú, ó bá ẹgbẹ́ òṣèré Oyin Adejobi ṣeré lórí ìtàgé, ó sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ifẹ̀. Yorùbá rẹ̀ lè dójú ti ọmọ tí wọ́n bí sí Ìkẹjà.

Ṣadé_Olóhùn:
Ẹ ti gbàgbé ẹ̀ka èdè, bí gbogbo ayé ṣe máa ń gbàgbé wa. N kò ní pẹ́.

Ní Nàìjíríà, ẹ̀ka Linguistics ni ẹ ti máa bá ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà pàdé, kì í ṣe nínú Anthropology. Ohun tó ń wá ni bí àwùjọ ṣe ń fi èdè ṣe nǹkan. Lorenzo Dow Turner, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, bẹ̀rẹ̀ sí gba ohùn àwọn Gullah, àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà, sílẹ̀ ní etíkun South Carolina àti Georgia ní àwọn ọdún 1930. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń sọ tẹ́lẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì tó bàjẹ́ ni wọ́n ń sọ. Turner kọ́ nípa àwọn èdè Áfíríkà, ó wá rí Yorùbá, Mende, Kongo àti àwọn mìíràn nínú ọ̀rọ̀ wọn, pàápàá nínú orúkọ ilé tí wọ́n ń sọ ọmọ. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ṣáájú rẹ̀ kò rí orúkọ ilé wọ̀nyẹn, torí àjèjì ni wọ́n, ta ló ń sọ orúkọ ilé rẹ̀ fún àjèjì? Ìwé rẹ̀ jáde ní 1949. Ó tún lọ gba ohùn sílẹ̀ ní Bahia ní Brazil.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀ṣun:
Ẹ̀yin ará, gbogbo rẹ̀ dùn létí. Ẹnìkan kò tíì dáhùn ohun tí bàbá ọmọ yìí fẹ́ gbọ́. Ta ni yóò gbà á síṣẹ́?

Délé_Afárá:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ò ní rí i nínú ìwé ìròyìn pé "a ń wá onímọ̀ Anthropology." Kí wọ́n má tàn án. Iléeṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ bá a mu jù ni àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí orílẹ̀-èdè yìí, NCMM, iṣẹ́ ìjọba sì ni, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gbani síṣẹ́ ìjọba. Àwọn tí mo mọ̀ tó ń fi Anthropology jẹun wà nínú ètò ìlera, àjọ àwọn tí ogun lé kúrò nílé, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìwádìí ọjà, àti àwọn iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó fẹ́ mọ ìdí tí àwọn èèyàn kò fi lo áàpù wọn. Gbogbo wọn ló ní nǹkan mìíràn mọ́ ọn: ẹnìkan mọ ìṣirò sitatísíìkì, ẹnìkan mọ Hausa, ẹnìkan mọ bí a ṣe ń ya máàpù lórí kọ̀ǹpútà. Dìgírì àkọ́kọ́ nìkan kò gbé mi débì kankan. Ó tó kí ọmọ mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bísí_100L_Rí:
Mo fẹ́ fi kún un, torí ẹ̀yin àgbà ń sọ èyí tó dára. Ilé-ìwé tí mo lọ, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, kò ní mọ́tò tó ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí pápá. Inú kíláàsì la ti "walẹ̀", lórí pátákó. Àdùnní, kí o tó gbà á, wá akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta tàbí ìkẹrin ní ẹ̀ka yẹn, má bi olùkọ́, bi akẹ́kọ̀ọ́: ìgbà wo lẹ lọ sí pápá kẹ́yìn? Ẹ lò tó ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀? Ta ló sanwó? Ẹni tí kò bá lè dá ọ lóhùn, èsì rẹ nìyẹn.

Ohun kejì, bó bá jẹ́ pé èrò rẹ ni kí o fi ọdún kan sùn níbẹ̀ kí o wá fò sínú Law, béèrè òfin ilé-ìwé yẹn ní tààrà, kí o rí i lórí ìwé. Má gba "wọ́n máa ń ṣe é" lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Mo rí àwọn tó jókòó ọdún mẹ́rin pẹ̀lú ìbínú torí ìlérí ẹnu.

Ìkẹta, lọ wo ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB fún kọ́ọ̀sì náà ní ilé-ìwé yẹn gan-an. Ti Ìbàdàn ti pẹ́ lábẹ́ Faculty of Science, ọ̀pọ̀ ọmọ aláàtì kò sì retí bẹ́ẹ̀. Ti Ifẹ̀ wà lábẹ́ Social Sciences. Iṣẹ́ tí o ṣe ní WAEC lè bá ti ibì kan mu kó má bá ti ibòmíràn mu.

Ìyá_Àkàndé:
Bísí sọ̀rọ̀ gidi. Èmi fẹ́ kí ó dán ara rẹ̀ wò kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Àdùnní, mú ìwé kan, lọ jókòó ti ìyá ìyá rẹ, bí wọ́n bá wà láyé, tàbí àgbà mìíràn nínú ẹbí. Kọ orúkọ gbogbo ẹbí tí wọ́n bá rántí, bí wọ́n ṣe tan mọ́ ara wọn, ta ló gbé níbo, ta ló kó lọ síbòmíràn, kí ló fà á. Nígbà tó bá dé ibi ìyàwó kejì tàbí ọmọ àlè, wo bí wọ́n ṣe máa yí ọ̀rọ̀ padà. Má já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu. Tí wọ́n bá ní "má kọ ìyẹn," má kọ ọ́: òfin iṣẹ́ náà nìyẹn, ìwádìí tí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ kò fọwọ́ sí kì í ṣe ìwádìí. Tí ilẹ̀ bá ṣú tí o kò sì fẹ́ dìde, gba kọ́ọ̀sì náà. Tó bá rẹ̀ ọ́ láàárín wákàtí kan, lọ tún JAMB ṣe, Law kò sá lọ.

Àdùnní_Ṣakí:
Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Ìyá àgbà mi wà ní Ìgbòho, ọ̀la ni n óò lọ. Ẹ̀ka Sociology and Anthropology ló pè mí, mo ti wò ó. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: ṣé ìṣirò pọ̀ níbẹ̀? C6 ni mo gbà nínú Maths.

Délé_Afárá:
Kò pọ̀ bíi ti Economics. Wọ́n á kọ́ ọ ní sitatísíìkì fún ìwádìí: àròpín, ìdá ọgọ́rùn-ún, bí a ṣe ń yan ènìyàn tí a máa bi ní ìbéèrè láì ṣe ojúsàájú, bóyá SPSS, ètò ìṣirò kan lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó gba C6 máa là á já bó bá ń lọ sí kíláàsì. Ìwé kíkà ló pọ̀, ó pọ̀ púpọ̀, àti ìwé kíkọ. Ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré tó lè wọ àpò kí o tó lọ sí Ìgbòho, má fi fóònù kọ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà. Wọ́n á rò pé ò ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ ni.